Bántámù ẹlẹ́sẹ̀ kúkúrú: kí ló ń pa ọmọ wọn sínú ẹyin?

Ìyá Bọ́lá Mọ́níyà
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọlọ́sìn adìẹ. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà. Mo ń sin bántámù kékeré ẹlẹ́sẹ̀ kúkúrú, irú èyí tí àwọn ará Japan ń pè ní Chabo. Ara wọn funfun, ìrù wọn dúdú, ó sì dúró gangan títí tó fi ga ju orí àkùkọ fúnra rẹ̀ lọ. Ẹsẹ̀ wọn kúrú débi pé bí wọ́n bá ń rìn, ìyẹ́ àyà wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ máa gbálẹ̀. Adìẹ arúpẹ̀ tiwa náà wà lágbàlá mi, àwọn yẹn kò fún mi ní wàhálà kankan.

Bántámù yìí ló ń dà mí láàmú. Bí mo bá kó ẹyin wọn sínú ẹ̀rọ ìsàba, tí mo sì fi tọ́ọ̀ṣì yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, díẹ̀ nínú wọn á ti kú. Kì í ṣe pé àkùkọ ò gùn wọ́n, nítorí iṣan ẹ̀jẹ̀ á ti bẹ̀rẹ̀ sí í hàn nínú ẹyin náà kó tó dáwọ́ dúró. Nínú àwọn tó bá tún jàjà pa, òmíràn á kú kó tó pé ọ̀sẹ̀ kan. Aládùúgbò mi ní kí n pa gbogbo wọn jẹ, pé nǹkan burúkú wà lára wọn. Ẹni tó tà wọ́n fún mi ní ẹ̀rọ mi ni kò dáa. Ẹ̀rọ kan náà ló sì ń pa ẹyin arúpẹ̀ mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá mọ ìdí rẹ̀, kó bá mi dá sí i.

Àgbẹ̀ Ìlọrà
Ẹ kú ìrọ́jú, ìyá. Ọ̀rọ̀ iná ni ọkàn mi kọ́kọ́ lọ sí. Bí iná bá lọ lóru, tí ooru ẹ̀rọ sì já wálẹ̀ kúrò ní 37.5, ẹyin kékeré ló máa kọ́kọ́ tutù. Ẹyin arúpẹ̀ tóbi díẹ̀ ju ti bántámù lọ, ó lè fara dà á fún wákàtí mélòó kan. Ẹ tún wo omi inú ẹ̀rọ. Bí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ bá gbẹ jù, pàápàá lákòókò ọyẹ́, awọ inú ẹyin á le, ọmọ kò sì ní lè já a. Ṣé ẹ ní nǹkan tó ń bá yín gbé iná ró lóru?

Ìyá Bọ́lá Mọ́níyà
Ẹ ṣeun, àgbẹ̀. Ẹ̀rọ inverter wà, mo sì fi ohun ìwọn-ooru méjì sínú rẹ̀ kí n lè fi ọ̀kan yẹ èkejì wò. Bó bá jẹ́ pé awọ ló gbẹ, ṣebí ọmọ á ti dàgbà tán kó tó kú. Tèmi kì í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Òrùka ẹ̀jẹ̀ ni mo máa ń rí, tín-ín-rín bí òwú, yípo inú ẹyin, kò sì sí nǹkan mìíràn níbẹ̀ mọ́.

Ọlọ́sìn Ìjẹ̀bú
Ìyá wa, ẹ má pa wọ́n jẹ o. Ìbéèrè kan péré ni mo ní: ẹsẹ̀ àkùkọ kúrú, àbí? Ṣé ti àwọn àgbébọ̀ tó ń gùn náà kúrú?

Ìyá Bọ́lá Mọ́níyà
Gbogbo wọn ló kúrú. Àwọn tí ẹsẹ̀ wọn bá gùn nínú ọmọ, mo máa ń tà wọ́n, torí wọn ò jọ ojúlówó lójú mi.

Ọlọ́sìn Ìjẹ̀bú
Mo dúpẹ́ pé ẹ sọ bẹ́ẹ̀, torí ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi, ó gùn díẹ̀.

Ohun tó mú ẹsẹ̀ Chabo kúrú ni jíìnì kan. Adìẹ kọ̀ọ̀kan ń gba ìpín kan lọ́wọ́ bàbá, ó ń gba ìpín kan lọ́wọ́ ìyá. Èyí tó bá gba ìpín ẹsẹ̀ kúkúrú lọ́dọ̀ ẹnì kan ṣoṣo nínú àwọn méjèèjì, ẹsẹ̀ rẹ̀ á kúrú, á sì wà láàyè bí adìẹ yòókù. Èyí tí kò bá gbà á rárá, ẹsẹ̀ rẹ̀ á gùn. Ṣùgbọ́n èyí tó bá gbà á lọ́wọ́ bàbá, tó tún gbà á lọ́wọ́ ìyá, kò lè wáyé. Egungun rẹ̀ kò ní lè tò bó ṣe yẹ. Inú ẹyin ló máa kú sí, àwọn tó pọ̀ jù nínú wọn á sì ti kú kí ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tó parí. Òrùka ẹ̀jẹ̀ tí ẹ ń rí yẹn ni.

Ẹ wá ṣe ìṣirò rẹ̀. Bí ẹ bá fi ẹlẹ́sẹ̀ kúkúrú gun ẹlẹ́sẹ̀ kúkúrú, tí ọlẹ̀ sì wà nínú ẹyin 20, bíi 5 ló máa gba ìpín méjèèjì, wọ́n á kú. Bíi 10 á ní ẹsẹ̀ kúkúrú, 5 á ní ẹsẹ̀ gígùn. Ó lè pọ̀ díẹ̀ níbì kan, kó dín níbòmíràn, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń kọ ọ́ sílẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, ìdá kan nínú mẹ́rin ló máa ń bọ́ sí. Kò sí ẹ̀rọ olówó iyebíye tó lè mú un kúrò, kò sí fítámì tó lè wò ó. Gbogbo ẹni tó ń sin Chabo ní Japan, ní Jámánì, ní Amẹ́ríkà, ohun kan náà ni wọ́n ń rí.

Ọ̀nà àbáyọ wà, ó sì wà nínú àwọn tí ẹ ń tà yẹn. Ẹ mú ẹlẹ́sẹ̀ gígùn kan tí ìrù rẹ̀ dára, tí àyà rẹ̀ yọ, tí àwọ̀ rẹ̀ mọ́, láàárín àwọn ọmọ wọn fúnra wọn. Ẹ fi ẹlẹ́sẹ̀ kúkúrú gùn ún. Kò sí ọmọ tó máa gba ìpín méjì níbẹ̀, torí ọ̀kan nínú òbí kò ní in láti fúnni. Ìdajì á kúrú, ìdajì á gùn, jíìnì yìí kò sì ní pa ẹyin kankan. Nínú 20 yẹn, bíi 10 kúkúrú ni ẹ ṣì máa ní, láìsí pé ẹ pàdánù ọlẹ̀ márùn-ún. Ó máa ń dùn mí tí àwọn èèyàn bá ń fi ẹlẹ́sẹ̀ gígùn se ọbẹ̀ pé kì í ṣe ojúlówó. Chabo ni, ẹ̀jẹ̀ Chabo ló wà lára rẹ̀, òun ló sì máa gba ìdílé náà là.

Àgbẹ̀ Ìlọrà
Ọlọ́sìn, mo gbà fún yín lórí èyí. Ọjọ́ pẹ́ tí mo ti ń gbọ́ pé Chabo kì í pamọ dáadáa, kò sẹ́ni tó la ìdí rẹ̀ yé mi rí. Ṣé ó kan arúpẹ̀ tiwa náà? Àwọn kan nínú wọn kúrú gidi.

Ọlọ́sìn Ìjẹ̀bú
Ọ̀nà tí adìẹ ń gbà kúrú ju ẹyọ kan lọ. Jíìnì aràrá mìíràn wà tó ń bá takọtabo rìn, èyí tí a rí lára ọ̀pọ̀ adìẹ kúkúrú káàkiri ayé, òun kì í pa ọlẹ̀. Àgbàlá yín ló máa sọ fún yín: bí ẹyin arúpẹ̀ bá ń pa láìsí òrùka ẹ̀jẹ̀ léraléra, ẹ fi í sílẹ̀ bó ṣe wà. Ohun tí mi ò fẹ́ ni kí ẹ jẹ́ kí àkùkọ Chabo máa gun arúpẹ̀ lágbàlá kan náà. Bí wọ́n bá ti dà pọ̀, ẹ ò ní mọ èyí tó gbé jíìnì apani yẹn mọ́, ìran arúpẹ̀ tí àwọn ìyá wa ti ń sìn látayébáyé á sì bàjẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Ẹ ya àgò wọn sọ́tọ̀.

Kọ́lá Mànísítà
Ẹ kú àtijọ́, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Bántámù Pekin ni èmi ń sìn níbí ní Mànísítà, pẹ̀lú Serama díẹ̀, ìran adìẹ tó kéré jù. Ọ̀rọ̀ inú ẹyin ti yanjú, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ lórí àwọn tó ń kú lẹ́yìn tí wọ́n ti pa, nítorí ìyẹn ṣeé dá dúró.

Òròmọdìẹ bántámù tutù kíákíá ju ti adìẹ ńlá lọ. Ẹ fún un ní ìwọ̀n ooru 35 lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, kí ẹ máa dín bíi 3 kù lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú wọn ni kí ẹ máa wò ju ohun ìwọn-ooru lọ. Bí wọ́n bá kó ara wọn jọ sábẹ́ gílóòbù tí wọ́n ń ké, òtútù ń mú wọn. Bí wọ́n bá sá lọ sí ẹ̀gbẹ́ páálí tí wọ́n la ẹnu sílẹ̀, ooru ti pọ̀ jù. Bí wọ́n bá fọ́n káàkiri, tí ọ̀kan ń jẹun, tí òmíràn sùn nílẹ̀ gbalaja, ó ti tó. Ẹ má fi gílóòbù sáàárín gbùngbùn páálí kékeré tí ibi gbogbo á fi gbóná. Ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí wọ́n lè rí ibi tútù sá sí.

Omi ló ń pa wọ́n jù lẹ́yìn òtútù. Ìdérí ike tí òròmọ broiler á mu omi nínú rẹ̀ láìsí ewu, òròmọ Serama lè kú sínú rẹ̀. Ẹ kó òkúta wẹ́wẹ́ tí ẹ ti fọ̀ sínú abọ́ omi títí tó fi jẹ́ pé omi díẹ̀ ló máa wà láàárín òkúta. Ẹ kọ́ wọn lómi mímu nípa fífi ṣóńṣó ẹnu wọn kan omi náà lẹ́ẹ̀kan. Ní ti oúnjẹ, starter tí ẹ bá rà lọ́jà sábà máa ń ní hóró tó tóbi jù fún ẹnu wọn. Ẹ tún un lọ̀, kí ẹ sì fi asẹ́ sẹ́ ẹ. Bí ìgbẹ́ bá lẹ̀ mọ́ ìdí òròmọ tó sì dí i, ẹ fi òwú tí ẹ rì bọ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ rọ̀ ọ́ kúrò. Ẹ má fà á tu, awọ ibẹ̀ fẹ́lẹ́ gan-an.

Ìyá Bọ́lá Mọ́níyà
Kọ́lá ọmọ mi, Ọlọ́run á bù kún ẹ. Mo máa ń kó wọn pọ̀ mọ́ òròmọ arúpẹ̀ nínú páálí kan náà kí iná lè tó wọn lò. Ṣé ìyẹn náà léwu?

Kọ́lá Mànísítà
Ó léwu, mà. Àwọn ńlá á gun orí wọn sábẹ́ iná, wọ́n á sì kọ́kọ́ débi oúnjẹ. Bántámù á sá sí kọ̀rọ̀, òtútù á sì mú un níbẹ̀. Adìẹ bà lókùn ni, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Bí ẹ kò bá ní páálí méjì, ẹ fi wáyà àsẹ́ pín in sí méjì, kí gílóòbù wà lókè wáyà náà láàárín.

Bí wọ́n bá dàgbà tán, ìyẹn tún yàtọ̀. Pekin mi ń bá adìẹ ńlá gbé láìjà, torí onísùúrù ni wọ́n. Serama kò lè bá wọn gbé rárá. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí àkùkọ ńlá bá gùn ún, ó lè dá a léegun.

Kí n fi èyí kún un fún àwọn tó wà níbí bíi tèmi: láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá 2024, ẹni tó bá ní adìẹ kan ṣoṣo pàápàá ní England àti Wales gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ APHA, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ìlera ẹran, nítorí àrùn ọ̀fìnkìn ẹyẹ. Òfin kò sì gbà wá láyè láti máa da àjẹkù ẹ̀bà tàbí ìrẹsì láti ilé ìdáná sílẹ̀ fún wọn. Àwọn ìyá wa tó bá wá kí wa láti ilé kì í fẹ́ gbọ́ èyí.

Olùtọ́jú Ẹran
Ẹ káàárọ̀ o. Iṣẹ́ ìtọ́jú ẹran ni mò ń ṣe, ohun kan wà tí mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń sin adìẹ kékeré mọ̀ dáadáa.

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé bí adìẹ bá kéré, kí a dín àjẹsára rẹ̀ kù. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àjẹsára àrùn lùkúlùkú tí a ń kán sójú, ẹ̀kán kan náà ni fún bántámù àti fún adìẹ ńlá, torí kòkòrò inú àjẹsára á bí sí i nínú ara. Oògùn ni a ń fi ìwọ̀n ara díwọ̀n. Àgbébọ̀ Chabo kì í sábà tó gíráàmù 600. Bí ẹ bá fún un ní oògùn aràn lẹ́nu, tàbí abẹ́rẹ́, bí ẹ ṣe ń fún adìẹ kílò méjì, ìlọ́po mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lẹ fún un yẹn. Òṣùwọ̀n kékeré tí àwọn tó ń ṣe kéèkì ń lò ni kí ẹ rà. Ẹ fi adìẹ sínú abọ́, ẹ wọ̀n ọ́n, kí ẹ tó ṣí ìgò oògùn. Oògùn tí wọ́n bá ní kí ẹ pò mọ́ lítà omi kan kò ní ìṣòro, torí omi tí adìẹ kékeré ń mu náà kéré.

Lùkúlùkú máa ń jà jù nígbà ẹ̀ẹ̀rùn àti ọyẹ́, nítorí náà kí àjẹsára wọn ti pé kó tó dìgbà náà. Èyí tí a ń kán sójú lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, àjẹsára tó ń jẹ́ LaSota ní bíi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin, èyí tó ń jẹ́ Komarov ní bíi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ. Ìgò kan máa ń tó adìẹ púpọ̀, ẹ sì ń sin díẹ̀. Ẹ bá àwọn aládùúgbò tó ní adìẹ ìbílẹ̀ dá owó, kí ẹ jọ ṣe é lọ́jọ́ kan náà. Èrè rẹ̀ á tún padà sọ́dọ̀ yín, torí adìẹ ìta ló sábà máa ń kó àrùn wọlé. Bí ẹ bá ti po àjẹsára tán, kí ẹ lò ó tán láàárín wákàtí méjì, kó má ṣe rí oòrùn, kí ẹ má sì pò ó mọ́ omi ẹ̀rọ tó ní kilorínì. Àwọn tí kò ní fìríìjì tó dúró déédéé lè béèrè I-2, àjẹsára tí wọ́n ṣe nítorí adìẹ abúlé, tó ń fara da ooru ju LaSota lọ. Iléeṣẹ́ ìwádìí NVRI ní Vom, nítòsí Jọ́ọ̀sì, wà lára àwọn tó ń ṣe é. Oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin síra ni wọ́n ń tún un kán.

Bàbá Ìbejì Yábàá
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé mo já lu ọ̀rọ̀ yín. Ilé alájà ni mò ń gbé, bákónì kan ni mo ní. Àwọn ọmọ mi rí Serama lórí fóònù, wọn ò jẹ́ kí n sinmi. Ṣé ó ṣeé sìn níbẹ̀?

Kọ́lá Mànísítà
Bákónì lè gbà á, ẹ̀gbọ́n, bí ẹ bá ṣe é dáadáa. Serama ló kéré jù nínú gbogbo adìẹ. Kelantan ní Màléṣíà ni wọ́n ti ṣe ìran rẹ̀, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Wee Yean Een ló sì gbé e dìde níbẹ̀. Wọ́n ṣe ìdíje rẹ̀ àkọ́kọ́ ní Perlis lọ́dún 1990. Orí tábìlì ni wọ́n ń gbé e sí, tí adájọ́ á máa wò bó ṣe ń rìn, bó ṣe ń ti àyà síwájú tó sì ń ju orí sẹ́yìn, pẹ̀lú ìyẹ́ apá tó dúró gbọnrangandan. Lọ́dún 2004 tí àrùn ọ̀fìnkìn ẹyẹ dé Kelantan, wọ́n pa ọ̀pọ̀ adìẹ ibẹ̀, Serama náà fara gbá a.

Kò sábà tó ìdajì kílò. Ẹyin rẹ̀ bíi márùn-ún ló tó ẹyin ńlá kan, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má sìn ín nítorí ẹyin jíjẹ. Bí ẹyin rẹ̀ bá wà lábẹ́ ìyá, ọjọ́ 19 tàbí 20 ló sábà máa ń pa, kì í dúró di 21 bíi ti adìẹ yòókù. Ooru Èkó bá a lára mu ju òtútù tiwa níbí lọ. Oòrùn ọ̀sán tó ń ta lu bákónì tààrà ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Ẹ ta nǹkan bò ó. Ẹ ra méjì ó kéré tán, torí ẹyẹ tó máa ń fẹ́ ẹgbẹ́ ni. Àkùkọ rẹ̀ ń kọ. Ohùn rẹ̀ kò le tó ti àkùkọ ńlá, ṣùgbọ́n ó ń tẹnu bọ̀ ọ́ ní kùtùkùtù, ẹ bi àwọn tó wà ní ìsàlẹ̀ léèrè kí ẹ tó rà á. Bí ẹ bá fẹ́ ìfọ̀kànbalẹ̀, àgbébọ̀ méjì tó.

Ọlọ́sìn Ìjẹ̀bú
Bàbá Ìbejì, ẹ jẹ́ kí n fi ti ìjàlọ kún un, torí ará Èkó máa ń rò pé inú igbó nìkan ló wà. Ó lè gba ara ògiri gòkè wá lóru. Òròmọ tó wà nínú àgò kò ríbi sá sí, kí ilẹ̀ tó mọ́ á ti tán. Ẹ gbé àgò lé orí ẹsẹ̀ igi, kí ẹ sì ki ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan bọ inú agolo tí ẹ bu epo ẹ́ńjìnnì àlòkù sí. Kí àgò má fara kan ògiri, kí okùn tàbí aṣọ kankan má sì so mọ́ ọn láti òkè. Wáyà rẹ̀ gbọ́dọ̀ há tó bẹ́ẹ̀ tí orí eku kò lè wọ̀ ọ́. Wáyà gbàràmù tí wọ́n ń ta fún adìẹ ńlá, òròmọ Serama fúnra rẹ̀ á gba ojú rẹ̀ jáde.

Ìyá Bọ́lá Mọ́níyà
Ẹ ṣeun púpọ̀, gbogbo yín. Mo ti lọ wo àgò. Àgbébọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ gígùn kan ṣì kù tí n kò tíì tà, ìrù rẹ̀ dúdú kirikiri, kò ní àbàwọ́n. Mo ti ya òun àti àkùkọ sọ́tọ̀ kúrò lọ́dọ̀ àwọn tó kù. Ìgbà wo ni kí n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa ẹyin rẹ̀, báwo ni mo sì ṣe máa tọ́jú rẹ̀ títí á fi pọ̀ tó láti kó sínú ẹ̀rọ?

Ọlọ́sìn Ìjẹ̀bú
Inú mi dùn gan-an, ìyá. Bí àkùkọ mìíràn bá ti ń gùn ún tẹ́lẹ̀, ẹ fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sílẹ̀ kí àtọ̀ ti tẹ́lẹ̀ tán lára rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé àkùkọ yìí nìkan ló wà láàárín wọn látọjọ́ yìí, ẹ lè bẹ̀rẹ̀ lónìí. Ẹ gbé ẹyin sí ibi tó tutù, tí oòrùn kò dé, kì í ṣe inú fìríìjì. Kí orí tó rí ṣóńṣó kọjú sísàlẹ̀. Ẹ máa yí i padà lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́. Ẹ má jẹ́ kó kọjá ọ̀sẹ̀ kan kí ẹ tó kó o sínú ẹ̀rọ, torí ẹyin kékeré tètè ń pàdánù omi ara rẹ̀. Bó bá dọ̀tí díẹ̀, ẹ fi nǹkan gbígbẹ nù ún, ẹ má fọ̀ ọ́.

Ẹ fi léèdì kọ déètì àti àmì àgbébọ̀ sára ẹyin kọ̀ọ̀kan, kí ẹ lè mọ ti ẹlẹ́sẹ̀ gígùn yàtọ̀ sí ti àwọn tó kù. Ní ọjọ́ keje kí ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wò wọ́n, kí ẹ kọ iye tó ní òrùka ẹ̀jẹ̀ lábẹ́ àmì kọ̀ọ̀kan. Ẹ kọ ọ́ síbí fún wa nígbà náà. Àgbẹ̀ Ìlọrà àti èmi á jọ yẹ̀ ẹ́ wò pẹ̀lú yín.